Bàtà Màámi Nínú Bùútù Maverick

Sátidé, Richmond

Mo ti ta Maverick, mọ́tò Ford mi àtijọ́, lónìí. Kí ìyàwó mi sinmi ariwo gáréèjì.

League City, nítòsí Houston níbí, ni òyìnbó tó rà á ti wá. Àwọn mọ́tò kéékèèké tí Amẹ́ríkà ṣe nígbà tí epo wọ́n gógó ló ń kó jọ, pẹ̀lú àwọn pickup akẹ́rù àtijọ́. Ó mọ ìtàn wọn ju èmi tí mo ra tèmi nígbà tí mo ṣì wà ní yunifásítì lọ.

Ó ní kí n ṣí bùútù. Mo máa ń tan iná mọ́tò náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n n kì í ṣí bùútù yẹn.

Ẹrù Màámi ṣì wà níbẹ̀: bùláńkẹ́ẹ̀tì, ìkòkò, bàtà aláwọ̀ ewé. Nígbà tí mo jáde yunifásítì, mo fẹ́ fi ọkọ̀ ojú omi gbé mọ́tò náà lọ sílé ní Nàìjíríà pẹ̀lú ẹrù nínú, bí gbogbo wa ṣe máa ń ṣe nígbà náà. Mo ti kọ lẹ́tà sí Màámi pé iwájú ni wọ́n máa jókòó. Ọ̀sẹ̀ tí mo di ẹrù tán ni tẹligíráàmù dé pé wọ́n ti kú.

Ṣadé, ọmọ mi, gbé bàtà náà sókè. "Daddy, ta ló ni shoes yìí?"

"Ìyá mi ni."

Mo bẹ òyìnbó náà pé kó jẹ́ kí n wà á yí àdúgbò po lẹ́ẹ̀kan. Mo to bàtà náà sílẹ̀ níwájú ìjókòó ẹ̀gbẹ́ mi. Gbogbo kọ́nà ni mo rọra yà. Màámi ò fẹ́ràn eré.