Eyín Màmá Kò Lè Dúró De Bọ́dà

                                        Ojúlé Kẹtàlélógún,
                                        Àdúgbò Pahayi,
                                        Ìlaro,
                                        Ìpínlẹ̀ Ògùn.
                                        Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹta, ọdún 1985.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ kú ìnira bọ́dà tí wọ́n tì pa yìí, ẹ sì kú ìfaradà. Ìyá Husain ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, àti gbogbo ará Ìlárá lẹ́bàá bọ́dà lápá tiwa? Ṣé òjò ti ń kán díẹ̀díẹ̀ sóko yín? Àwa níhìn-ín wà dáadáa. Ara mi le, Qúdrát ọmọ mi ń múra ìdánwò, àwọn obìnrin tó ń bá mi yan gààrí kò sì jẹ́ kí iná kú. Màmá ń kí yín.

Ọ̀rọ̀ Màmá gan-an ni mo tìtorí ẹ̀ kọ̀wé, n ò sì ní fi ìkíni fà á gùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún Akínbọ̀wálé tí ẹ fẹ́ rán wá, kó má gbé alùpùpù rẹ̀ wá gbé Màmá lọ́jọ́ Ẹtì. Màmá ò ní í gba ọ̀nà igbó kankan kọjá lọ sí Kútọnù. Arúgbó ẹni àádọ́rin ọdún ó lé kò gbọdọ̀ máa sá fún ṣọ́jà nínú igbó nítorí eyín. Mo mọ̀ pé inú ti ń bí yín báyìí. Ẹ jókòó, ẹ kà á tán.

Nínú ìwé yín, ẹ ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan eyín àtọwọ́dá tí ẹ ṣe fún wọn ní Kútọnù, pé ọkùnrin tó ṣe é nìkan ló lè tún un ṣe, kí a dúró kí bọ́dà ṣí, bí kò bá sì ṣí títí di ọjọ́ Ẹtì, kí Akínbọ̀wálé gbé wọn gba igbó lọ bá a. Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀ẹ̀melòó la ti gbọ́ pé yóò ṣí? Ó ku díẹ̀ kó pé ọdún kan. Èrìgì Màmá lápá òsì ti pọ́n bí ata, ibì kan sì ti bó níbẹ̀. Ògì nìkan ni wọ́n ń mu, aṣọ ti ń fẹ̀ lọ́rùn wọn. Èyí tó wá dùn mí jù ni pé wọn ò ki ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹ ṣáà mọ Màmá. Bí Qúdrát bá kúnlẹ̀ kí wọn láàárọ̀, kó tó dìde, wọ́n á ti kì í dé ọ̀dọ̀ àwọn baba ńlá wa ní Jóga-Orílé. Fún odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọwọ́ ni wọ́n fi ń sọ fún un pé kó dìde. Ọmọ náà wá bi mí bóyá òun ṣẹ Màmá.

Mo kọ́kọ́ ṣe ohun tí ẹ wí. Orín àtà tí ẹ fi ránṣẹ́, Màmá ń fi ha èrìgì náà láàárọ̀ àti lálẹ́, wọ́n ní kíkorò rẹ̀ ni yóò pa egbò náà. Ṣe ló tún bó o sí i. Ni sùúrù mi bá tán, mo mú eyín náà lọ bá Oyèwọlé tó ń tún aago ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, torí mo mọ̀ pé ó ní irin tín-ín-rín tó fi ń ha idẹ. Mo ní kó ha apá òsì díẹ̀ fún mi. Ó yẹ̀ ẹ́ wò títí, ó ní, “Àǹtí Onígààrí, aago ni mo mọ̀ o. Bí eyín yìí bá bẹ̀rẹ̀ sí í ró kì-kì-kì lẹ́nu Màmá, ẹ má gbé e padà wá bá mi.” Mo ní kó ṣe é kíá, mo ní nǹkan í ṣe.

Kò ró o, àmọ́ ó ń mì. Mímì yẹn ló dá egbò kejì sí apá ọ̀tún. Èmi tí mo kàwé okòwò, tí wọ́n kọ́ pé kéèyàn mọ ibi tí iṣẹ́ ti bàjẹ́ kó tó fọwọ́ kàn án, mo fi ìkánjú sọ egbò kan di méjì! Màmá wò mí, wọ́n ní, “Hùmúàní, ìwọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ, ọ̀kan ní kí n dúró, ọ̀kan ní kí n sáré. Ẹnu mi lẹ ń jà lé lórí.”

Lọ́jọ́ kejì a wọ ọkọ̀ àkọ́kọ́ lọ sí Abẹ́òkúta, a dé ọ̀dọ̀ dókítà eléyín kan, ọmọbìnrin kékeré tó ń jẹ́ Ọ̀ṣunníyì. Ó gbé eyín náà sókè, ó ní, “Ta ló ha eléyìí?” Mo ní èmi ni mo ní kí wọ́n ha á. Ó ní, “Iṣẹ́ kí lẹ ń ṣe, mà?” Mo ní gààrí ni. Ó ní, “Ẹ jẹ́ kí n wá bá yín yan án lọ́la, ká wá wo bí yóò ṣe rí.” Màmá fi ìborùn bo ẹnu, wọ́n ń rẹ́rìn-ín mi.

Ẹ wo bó ṣe ṣe é. Ó fi òwú nu èrìgì gbẹ, ó fi pẹ́ńsùlù aláwọ̀ àlùkò kan sàmì sórí egbò, ó fi eyín náà síbẹ̀, ó tún yọ ọ́. Àmì náà ti tẹ̀ sára eyín. Ibẹ̀ nìkan ló ha, kò tó ọmọ ẹ̀wà. Ó fi nǹkan rírọ̀ kan tẹ́ inú rẹ̀ nítorí ibi tí Oyèwọlé bà jẹ́, kó má mì mọ́. Ó wá bi Màmá pé ìgbà wo ni wọ́n máa ń yọ ọ́.

“Yọ ọ́ kẹ̀? Bí mo bá ti fọ̀ ọ́, mo ti dá a padà nìyẹn.”

“Ẹ ń wọ̀ ọ́ sùn?”

“Mò ń wọ̀ ọ́ sùn.”

“Màmá, ṣé ẹ máa ń wọ bàtà sùn?”

Ibẹ̀ ni Màmá ti jẹ́wọ́ pé ẹ̀rù ń ba àwọn kí ọmọ má wá kúnlẹ̀ ní ìdájí kó bá àwọn láìléyín, kí oríkì má di yẹ̀yẹ́ lẹ́nu àwọn. Ẹ gbọ́ o, Ẹ̀gbọ́n. Látọjọ́ tí ẹ ti ra eyín yìí, èrìgì náà kò sinmi rí.

Bí a ti ń ṣe é báyìí nìyí, kí ẹ lè sọ fún ẹni tó bá ń wọ irú rẹ̀ ní Ìlárá. Lálẹ́, eyín á wọ inú ife omi tútù, kò gbọdọ̀ gbẹ, omi gbígbóná kò sì gbọdọ̀ kàn án. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti ọṣẹ la fi ń fọ̀ ọ́, a ó gbé abọ́ omi sábẹ́ rẹ̀ torí bó bá bọ́. Màmá ń fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ oníyọ̀ díẹ̀ yọ ẹnu, wọ́n ń fi aṣọ rírọ̀ tó tutù nu èrìgì. Orín ti di ohun àtijọ́. Oúnjẹ rírọ̀ ni fún ìgbà díẹ̀, kí wọ́n sì máa fi apá méjèèjì jẹ ẹ́. Dókítà ní egbò tí kò bá jinná ní ọ̀sẹ̀ méjì, kí a má wo ojú ẹnikẹ́ni, ká gbé e wá. A ó padà lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kó lè tún un yẹ̀ wò.

Ọjọ́ kẹfà rèé. Pípọ́n yẹn ti lọ, egbò ọ̀tún ti padé. Lánàá Màmá jẹ àdàlú, wọ́n tún bu sí i. Láàárọ̀ yìí, Qúdrát kúnlẹ̀, eyín ṣì wà nínú ife. Màmá kọ́kọ́ fọwọ́ bo ẹnu. Nígbà tó ṣe, wọ́n sọ ọwọ́ kalẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń gba àárín ọ̀rọ̀ kọjá, orúkọ baba ńlá kan tilẹ̀ di fífẹ́ atẹ́gùn lásán. Ọmọ ò dìde. Ó ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un bẹ̀rẹ̀ látòkè.” Wọ́n sì tún un bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n ti tú ẹrù tí wọ́n dì de Akínbọ̀wálé. Wọ́n ní kí n sọ fún yín pé oríkì tiyín wà lẹ́nu àwọn, eyín wà níbẹ̀ o, kò sí níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n àwọn ò ní fi rán ìwé. Ẹ wá dọ̀bálẹ̀ gbà á fúnra yín lọ́jọ́ Àìkú.

Ẹ bá mi kí Ìyá Husain dáadáa, kí wọ́n má gbé ẹrù wúwo. Ẹ kí gbogbo ilé.

Èmi àbúrò yín tí kò mọ dídúró í dúró,
Hùmúàní Àṣìkẹ́