Wọ́n Ní Mo Lè Jáde Nígbà Tó Bá Wù Mí

Ọmọ mi obìnrin, ọmọ tí mo fi ọwọ́ ara mi kan bẹ́ẹ̀dì àkọ́kọ́ fún,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, iṣẹ́ ọ́fíìsì tí kì í jẹ́ kí o jókòó jẹun ńkọ́? Ara tèmi le, mo dúpẹ́, àfi orúnkún tí o mọ̀ yẹn. Ọlọ́run á máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ, kò ní rẹ̀ ọ́ níbi tí kò sí àga. Jọ̀ọ́, kọ́kọ́ jókòó kí o tó ka èyí tó kù, má jẹ́ kí àyà rẹ já, kò sẹ́ni tó kú. Èmi gan-an ni àyà mi ń já. Ó di ọjọ́ mẹ́ta tí mi ò ti lè jẹun tán, torí mo ń bẹ̀rù pé kí lẹ́tà yìí tó dé ọ̀dọ̀ rẹ, ẹlòmíràn á ti pè ọ́, á sì ti sọ ọ́ bí kò ṣe rí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan wá sí ilé ìtọ́jú àgbàlagbà tí o fi mí sí yìí, ó fi báàgì ìwé kọ́ èjìká, ó ní láti yunifásítì ni òun ti wá, àwọn ń ṣe ìwádìí nípa bí àgbàlagbà ṣe ń ṣubú, àwọn sì ń wá ilé bíi tiwa tó máa bá àwọn ṣe é. Oníwèé la ń pè é. Ọ̀gá ilé rò pé ìjọba ló rán an wá yẹ ilé wò, ló bá sá wọ yàrá ìfọṣọ, ó ní kí wọ́n sọ pé òun wà ní ìpàdé. Ìgbà kejì tí Oníwèé wá, ìpàdé ò tíì tán. Kó tó di ìgbà kẹta, wọ́n ti fi ọ̀dà kun ilé ìwẹ̀, wọ́n sì ti gbé àga tó ń mì pamọ́ sábẹ́ àtẹ̀gùn, àga tí mo ti bẹ̀ wọ́n títí pé kí wọ́n fún mi ní òòlù kí n bá wọn tún ṣe. Wọ́n ní àgbàlagbà kì í di òòlù mú níbí. Èmi, káfíńtà ogójì ọdún!

Nígbà tí ọ̀gá rí i pé Oníwèé ò bá ẹnikẹ́ni jà, ó fọwọ́ síwèé fún gbogbo ilé. Wọ́n wá kó wa jọ sí yàrá ìjẹun. Oníwèé ní èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lòun nílò nínú wa, àti pé kálukú ló máa fẹnu ara rẹ̀ gbà. Ó ní kọ̀ǹpútà ló máa yan àwọn ilé tí wọ́n máa kọ́ ní eré ìdárayá àti àwọn tí wọ́n máa fi sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Mo bi í bóyá kọ̀ǹpútà náà ti débí rí, ó ní rárá. Mo ní ta ló wá ń sọ̀rọ̀ wa fún un, ó kàn rẹ́rìn-ín, ẹ̀rù sì bà mí sí i. Télọ̀, bàbá arúgbó tó máa ń jókòó sójú fèrèsé, béèrè bóyá wọ́n máa ní kóun kọ́kọ́ ṣubú kí wọ́n lè rí bó ṣe ń rí. Ó ní ìbàdí òun ò gbà á, àmọ́ kí wọ́n lo èmi Káfíńtà, pé mo ti mọ̀ ọ́n ṣe. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Mi ò rẹ́rìn-ín ní tèmi.

Tísà tá a jọ ń sùn ní yàrá kan wá wọ awò ojú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé náà sí wa létí, ojú ewé mẹ́sàn-án gbáko. Oorun ti ń gbé mi lọ nígbà tó kà á débi tó ní ẹni tó bá fọwọ́ sí i lè jáde nígbàkigbà tó bá wù ú, kò ní láti sọ ìdí, ẹnikẹ́ni ò ní bínú sí i, ìtọ́jú tó ń gbà ò sì ní dín kù. Háà! Ojú mi là kedere. Mo ní kó tún un kà lẹ́ẹ̀mẹta. Mo bi Oníwèé bóyá òótọ́ ni, ó ní òfin ni.

Ìwọ náà rò ó wò. Ọ̀gá ti fi gbogbo ilé sínú ìwádìí, èmi sì wà nínú ilé. Tí mo bá ti jáde nínú ìwádìí, ibo ni mo tún fẹ́ dúró sí? Mo gba bírò, èmi ni mo kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Nọ́ọ̀sì àgbà dì mọ́ mi, ó ní òun ò mọ̀ pé èmi tí mò ń kùn sí tíì pàápàá lè gbà kíá báyẹn. Wọ́n so nǹkan kan tó dà bí aago mọ́ mi lọ́wọ́, òun ló ń ka ìṣísẹ̀ èèyàn. Mo mú sùúrù fún ọjọ́ mẹ́rin, kó má baà dà bíi pé mo tètè jù. Láàárín ọjọ́ yẹn, mò ń rìn yí ọgbà po láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ kí aago náà lè rí nǹkan kà, kí wọ́n má sọ lẹ́yìn mi pé ọ̀lẹ ni mí.

Lọ́jọ́ karùn-ún, mo kọ ọ́ sínú ìwé pé mo ti jáde, mi ò sì sọ ìdí. Mo wọ aṣọ tí mo wọ̀ lọ síbi ìgbéyàwó rẹ, mo di ẹrù mi, mo jókòó ti ilẹ̀kùn. Oníwèé dé, ó kà á, ó tú aago kúrò lọ́wọ́ mi, ó dúpẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, kò béèrè nǹkan kan. Mo ṣàdúrà fún un. Bó ṣe wọ mọ́tò rẹ̀ lèmi náà gbé báàgì mi, mo forí lé géètì. Ọlọ́dẹ ní níbo, Baba? Mo na ọwọ́ sí i kó rí i pé kò sí aago níbẹ̀ mọ́. Ló bá lọ pe nọ́ọ̀sì.

Ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ tí nọ́ọ̀sì fi bá mi sọ̀rọ̀ ló dùn mí jù, bí ẹni ń bá ọmọ ọwọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní ìwádìí ni mo jáde nínú rẹ̀, ìwé ti ilé lọ́tọ̀. Mo ní kó gbé e wá. Tísà kà á lẹ́ẹ̀mejì. Iye ìgbà tí a ó máa jẹun wà níbẹ̀, àsìkò ìwẹ̀ wà níbẹ̀, ẹni tí wọ́n máa pè tí mo bá kú wà níbẹ̀, orúkọ rẹ sì wà nísàlẹ̀, mo mọ ìkọ̀wé rẹ. Kò rí ìlà tó ní mo lè jáde nígbàkigbà. Mo ní kó wo ẹ̀yìn ìwé náà, kò sí níbẹ̀ náà.

Ọ̀gá ní òun máa pè ọ́. Ẹ̀rù ń bà mí pé o máa bínú, pé o máa rò pé mi ò moore, tàbí kí wọ́n sọ fún ọ pé orí mi ò pé mọ́. Orí mi pé. Wọn ò ṣe mí ní nǹkan kan, oúnjẹ wọn gbóná, wọn kì í jágbe mọ́ wa. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lo sọ nígbà tí o mú mi wá, ó ti di oṣù mọ́kànlá. Mi ò bá ọ jà, mo mọ̀ pé ojú rẹ rí nǹkan lọ́jọ́ tí mo ṣubú nílé, tí o bá mi nílẹ̀ ilé ìwẹ̀.

Nígbà tí o bá wá, mú bírò dání. Àyè díẹ̀ wà lókè ibi tí o fọwọ́ sí, mo fi ìka wọ̀n ọ́n, ó máa gba ìlà kan. Kọ ọ́ síbẹ̀ pé bàbá rẹ lè jáde nígbàkigbà tó bá wù ú, kò ní láti sọ ìdí, ìwọ ò sì ní bínú. Kì í ṣe pé mo fẹ́ lọ lọ́la. Mo tiẹ̀ lè má lọ rárá, torí ta ni Tísà máa máa kàwé sí létí? Fi owó ọkọ̀ díẹ̀ ránṣẹ́ pẹ̀lú, kí n fi sábẹ́ ìrọ̀rí. Mo lè má ná an.

Ilé tí o bá wọ̀ á tù ọ́ lára, ilẹ̀kùn tó bá wù ọ́ láti gbà jáde ò ní tì mọ́ ọ. Àwọn ọmọ rẹ á tọ́jú rẹ, wọ́n á sì máa bi ọ́ ní ohun tí o fẹ́.

Èmi ni, bàbá rẹ.

Tí àyè ibẹ̀ bá kéré, yọ ibi tó ní o ò ní bínú kúrò. O lè bínú. Ṣáà bá mi kọ ìyókù.