Ìró Tó Wà Lẹ́sẹ̀ Máṣíìnì Bàbá Rẹ

Risten, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Òní ló pé ọjọ́ mọ́kànlélógójì tí o padà sí Oslo lẹ́yìn tí a sin bàbá rẹ. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé o ń jẹun, ṣé yàrá rẹ ń móoru? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹja lábẹ́ yìnyín yóò máa ṣọ́ ọ. Ẹsẹ̀ rẹ kò ní yọ̀ lójú títì, ojú ọ̀gá rẹ kò ní le sí ọ. Èmi náà wà, mo dúpẹ́. Ajá wa ti sanra, torí mi ò tíì mọ bí a ṣe ń se oúnjẹ ẹnì kan, ìpín bàbá rẹ ló ń jẹ.

Ohun tó jẹ́ kí n mú kálàmù ni ọ̀rọ̀ máṣíìnì bàbá rẹ, alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí bàbá rẹ yọ táyà rẹ̀, tó fi bẹ́líìtì rọ́bà fífẹ̀ sí i dípò, kó má baà rì sínú yìnyín. Bàtà là ń pe àwọn bẹ́líìtì náà nílé yìí, mo mọ̀ pé o rántí. O sì mọ̀ pé tí mi ò bá lè wà á kọjá adágún, kò sí bí mo ṣe lè gbé koríko dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbọ̀nrín mẹ́jọ tó ṣẹ́ kù fún wa, yìnyín sì le lọ́dún yìí débi pé wọn ò lè fi pátákò wa oúnjẹ jáde lábẹ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti ń wa máṣíìnì náà ni mo ti ń gbọ́ ìró kan lábẹ́ rẹ̀: kọ̀, kọ̀, kọ̀. Heaika, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, gbọ́ ọ láti ojú fèrèsé rẹ̀, ó wá, ó dúró tì í, ó mi orí bíi dókítà. Ó ní gíàbọ́ọ̀sì tó ti ń ké látọjọ́ bàbá rẹ ló ti wá kú. Ó ní ìyàwó wa, máṣíìnì yìí ti bá ẹni tó ni ín lọ, kí n má da ara mi láàmú, òun á wá fi okùn wọ́ ọ lọ ní Sátidé, òun á sì kó àwọn àgbọ̀nrín mọ́ tòun. Mo bi í pé kí ni èmi ó wá máa ṣe. Ó ní kí n máa hun ìbọ̀sẹ̀. Kò ro ibi sí mi, ṣùgbọ́n ó dùn mí wọ eegun. Ìwọ náà ti sọ lórí fóònù pé ó sàn kí n ta àwọn àgbọ̀nrín náà. Mi ò bínú sí ọ.

O ní kí n fi fóònù gba ohùn máṣíìnì sílẹ̀, kí n fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ tó jẹ́ mẹkáníìkì. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Òtútù mú gan-an lọ́jọ́ náà, mi ò sì fẹ́ kí fóònù tí o fowó rẹ rà ṣàìsàn, ni mo bá wọ ìbọ̀sẹ̀ onírun fún un, méjì léra wọn, mo so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ máṣíìnì. Mo kọ́kọ́ kí ọ̀rẹ́ rẹ, mo béèrè àwọn òbí rẹ̀, mo dúró díẹ̀ kó lè dáhùn, torí kò dáa kéèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ka àìsàn sílẹ̀ láìkíni. Ìwọ lo sọ fún mi pé kò gbọ́ ju bí ajá ṣe ń hanrun lọ. Mo rò pé ooru ìbọ̀sẹ̀ ló mú kí fóònù náà sùn lọ.

Ti báǹkì tún wá. Mo fẹ́ sanwó gírísì láti orí fóònù bí o ṣe kọ́ mi, ó ní kí n fi ojú mi hàn. Mo wẹ̀, mo wọ aṣọ ọjọ́ Ìsinmi, mo wé ìborí pupa tí o rà fún mi bo orí dé ìpéǹpéjú, mo dúró ṣánṣán níwájú rẹ̀. Ó ní òun ò mọ̀ mí. Mo fi ìwé ẹ̀rí pásítọ̀ hàn án, ó ṣì ní òun ò mọ̀ mí. Ìgbà tí mo ṣí ìborí, tí irun mi rí wúruwùru bíi ti gbogbo àárọ̀, ló tó gbà pé èmi ni. Fi èyí sọ́kàn, mo ṣì ń padà bọ̀ síbẹ̀.

Nígbà tí ọgbọ́n fóònù tán, mo ṣe bí bàbá rẹ ṣe máa ń ṣe. Ìwọ náà mọ̀ pé kì í mú sípánà kó tó fi etí ṣiṣẹ́. Mo tan ẹ́ńjìnnì, mo jẹ́ kó dúró lójú kan, kò sí ìró. Ẹ́ńjìnnì ò jẹ̀bi. Mo wà á jẹ́jẹ́ lórí adágún, ìró náà ń wá jẹ́jẹ́, mo sáré, ó sáré. Mo yà sọ́tùn-ún, mo yà sósì, kò pọ̀, kò dín, nítorí náà kì í ṣe orúnkún irin tó wà lẹ́sẹ̀ iwájú, ìgbà tí a bá ń yà nìyẹn máa ń ké. Mo wá pa ẹ́ńjìnnì, mo fi jáàkì gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè, mo ń fọwọ́ kan yí bàtà, mo ti orí ṣíbí igi mọ́ gíàbọ́ọ̀sì, mo fi etí sí ìdí rẹ̀. Gíàbọ́ọ̀sì tí Heaika ní ó ti kú, ó ń hùn jẹ́jẹ́ bí ológbò tó yó.

Mo so òwú pupa mọ́ etí bàtà náà, mo ń yí i, mo ń kà á. Àwọn táyà kéékèèké inú rẹ̀ a máa yí lọ́pọ̀ ìgbà kí òwú tó yí ká lẹ́ẹ̀kan. Tó bá jẹ́ béárìn wọn ló bàjẹ́ ni, ìró á pọ̀ ju òwú lọ. Ṣùgbọ́n òwú kan, ìró kan. Òwú kan, ìró kan. Risten, ẹni tó ti ń hun ìbọ̀wọ́ láti ọmọ ọdún mẹ́fà mọ̀ pé bí àṣìṣe bá ń padà wá síbì kan náà ní gbogbo ìlà, abẹ́rẹ́ kọ́ ló bàjẹ́. Ara bàtà fúnra rẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Mo tan iná tọ́ọ̀ṣì sí i. Rọ́bà ti ya níbì kan, bàbá rẹ fi irin pẹlẹbẹ dì í, ó sì fi bóòtù kan, irin tí a ń fi sípánà dì, dè é. Bóòtù náà gùn jù, òun ló ń gbá férémù nígbàkígbà tó bá ti kọjá. Orí rẹ̀ dúdú, ó rí roboto, mo sì dá a mọ̀. Ohun tí a fi ń di ìdérí ìkòkò ẹran mi mú ni. Ọdún méjì ni mi ò fi bá Birehtta, ìyáálé mi, ìyàwó Heaika, sọ̀rọ̀ gidi, torí òun ni mo yá ìkòkò yẹn, mo sì ní òun ló sọ ohun ìdìmú ìdérí rẹ̀ nù. Ọdún méjì ni bàbá rẹ fi ń jẹ ẹran ìkòkò náà, tó ń gbọ́ bí mo ṣe ń bú Birehtta, tó ń mi orí, tó ń ní àwọn èèyàn ò mọ̀ ọ́n tọ́jú ohun olóhun mọ́. Mo jókòó sínú yìnyín, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Mo fi bóòtù kúkúrú rọ́pò rẹ̀. Ìró dákẹ́. Ní ọjọ́ Ẹtì mo di koríko, mo kọjá adágún, inú mi ń dùn, mo dúró létí igbó. Àgbọ̀nrín kankan ò yọjú. Mo pè wọ́n, mo kọrin, mo pè wọ́n lórúkọ ìyá wọn. Mo rí ìwo wọn láàárín igi, wọ́n ń wò mí bí ẹni ń wo agbowó-orí. Mo padà sílé pẹ̀lú ọkàn tó wúwo, torí ọ̀la ni Sátidé.

Ibi tí mo ti ń tú ìborí lórí ni ọ̀rọ̀ báǹkì ti sọ sí mi lọ́kàn. Ọdún méjì ni àwọn ẹran yẹn fi ń gbọ́ kọ̀, kọ̀, kí oúnjẹ tó dé. Mo ti wé ìborí fún máṣíìnì, wọn ò mọ̀ ọ́n mọ́.

Nígbà tí Heaika gbé okùn rẹ̀ dé, mo ti so ìdérí ìkòkò sẹ́yìn ìjókòó, mo sì fi òwú pupa so bóòtù gígùn yẹn rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó máa gbá a. Ó ní òun ti rí obìnrin tó ń wa máṣíìnì, òun ò tíì rí èyí tó ń gbé ilé ìdáná kiri. Mo ní kó gun máṣíìnì tirẹ̀ kó tẹ̀lé mi, okùn ò ní sá lọ. A ò tíì dé àárín adágún tí Muzet, abo dúdú tí bàbá rẹ fẹ́ràn, ti sáré jáde nínú igbó, àwọn yòókù ń tẹ̀lé e, mo ka mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Heaika wa tirẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó wá bi mí, bí ẹni tí kò bi mí, pé kí ni mo rò nípa máṣíìnì tòun tó ń han. Mo ní orí adágún tó dán ló ti ń sá eré jù, kó máa ya sínú yìnyín rírọ̀ kí bàtà rẹ̀ lè rí omi mu, rọ́bà gbígbẹ ló ń han. Ó ká okùn rẹ̀ lọ sílé.

Mo gbé ẹran gbígbẹ lọ bẹ Birehtta. Ó ní kí n má bẹ òun, ọdún méjì ìsinmi ni mo fún òun.

Jọ̀wọ́, fi agolo gírísì méjì ránṣẹ́, àti bóòtù kúkúrú díẹ̀, àti owó epo tí ọwọ́ rẹ bá ká, àti ìdérí ìkòkò kan, torí ọbẹ̀ mi ń gbẹ. Kí Ọlọ́run tó mú bàbá rẹ sinmi mú ìwọ náà dé ayọ̀ rẹ. Wá nígbà Àjíǹde. Tí o bá dé etí adágún, dúró kí o tẹ́tí. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti lọ́jọ́ Ẹtì tí mo máa ń gbé koríko lọ, níwọ̀n ìgbà tí yìnyín bá ṣì le, mi ò ní jẹ́ kí ìró náà dákẹ́.

Èmi ni ìyá rẹ,
Sárá