Ẹni Tó Wẹ Ọmọ Mi ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́

Màmá mi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìrọ́jú ẹsẹ̀, ẹ kú ọyẹ́ tó mú bí abẹ yìí. Mo kí Bàbá, mo kúnlẹ̀ fún wọn. Mo kí Bọ̀ọ̀dá Sámú, ẹni tí yóò ka ìwé yìí sí yín létí. Mo kí gbogbo ìyàwó ilé wa, àti ẹni tó gbà mí gbọ́ àti ẹni tí kò gbà mí gbọ́. Inú ìwé ìròyìn ni mo fi lẹ́tà yìí sí, nítorí Ọjà Igbó, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbẹ̀, ni wọ́n ti ròyìn mi fún yín. Kí Ọjà Igbó náà wá gbọ́ tẹnu mi.

Awakọ̀ tó ń ná Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ti jíṣẹ́ yín fún mi. Ó ní ẹ ní kí n máa bá ìyá tuntun tí mo rí lọ. Ó ní ẹ gbọ́ pé mo ti fi ọmọ mi ta ìmàle kan lọ́rẹ, pé obìnrin náà ti wẹ̀ ẹ́, ó ti sọ ọ́ lórúkọ, ó kù kó gbé e lọ. Màmá, mo sunkún títí ojú mi fi wú.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀bi tèmi. Nígbà tí mo bímọ, n kò ránṣẹ́ sí yín. Ilé bàbá tó ń to eegun lẹ wà nígbà náà, ó sì ti ní ẹ kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ fún oṣù méjì. Mo mọ̀ yín. Bí ẹ bá gbọ́ pé mo ti sọ̀ kalẹ̀, ẹ ó dìde lórí ẹní, ẹ ó wọ mọ́tò, eegun tí wọ́n tò á tún yẹ̀. Mo rò pé oore ni mò ń ṣe yín. Àṣé ẹni tí a bá fi ayọ̀ pamọ́ fún, a ti lé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn ni. Ẹ forí jì mí.

Ẹ mọ̀ pé ilé búrẹ́dì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ látìgbà tí a ti kó wá síbí. Nígbà tí ìjọba ní kí wíìtì òkèèrè tí wọ́n fi ń ṣe fúláwà má wọlé mọ́, iṣẹ́ wa di ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀. Ọ̀gá wa ń fi ẹ̀gẹ́ lú fúláwà, búrẹ́dì wá le, ó ṣeé sọ ajá lókò. Owó kò tó ná, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tí wọ́n ń pè ní Sáàpù sì ti jẹ́ kí oníkálukú máa ṣọ́ ìkòkò tirẹ̀. Báálé mi ń wa ọkọ̀ ẹrù lọ sí Kánò, ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó rí i. Èmi nìkan, nínú yàrá kan, pẹ̀lú oyún. Ìgbà mìíràn, mo máa ń kí ara mi kú àárọ̀.

Ìyá Ráfátù ló ń gbé yàrá tó kọjú sí tèmi. Ẹní ló ń tà ní Ọjà Akẹ̀sán. Èébú ló fi kí mi káàbọ̀. Ó bi mí pé ta ló kọ́ mi pé kí aboyún máa rìn kiri lọ́sàn-án gangan, àbí ọkà tí àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́ fi ń jí láàárọ̀ ló ń gùn mí. Bó ṣe ń bú mi lọ́wọ́ ló ń sọ garawa omi kalẹ̀ lórí mi, ó sì rù ú wọlé. Láti ọjọ́ yẹn, n kò pọnmi mọ́.

Nígbà tí ìrọbí mú mi, òun ló gbé mi lọ sí ọsibítù, kò sì lọ ọjà fún ọjọ́ méje. Ogójì ọjọ́ ló fi wẹ ọmọ mi láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ó ń fi òrí pa á lára, ó ń na apá, ó ń na ẹsẹ̀, ó ń jù ú sókè bí ẹ̀yin náà ṣe máa ń ju ọmọ sókè, èmi á sì na ọwọ́ dè é.

Ọ̀rọ̀ ìsọmọlórúkọ ni mo fẹ́ kí ẹ fetí sí dáadáa. Wòlíì wa gbàdúrà, Ìyá Ráfátù ń ṣe àmín, tẹsubáà ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n gbé abọ́ omi kalẹ̀, kí oníkálukú sọ owó sí i, kó sì pe orúkọ tó fún ọmọ. Wọ́n ní kí ẹni tó ń wẹ ọmọ bẹ̀rẹ̀. Ó tú etí ìró rẹ̀, ó sọ owó sínú omi, ó ní ti ìyá Mojí tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìyẹn ẹ̀yin, nìyẹn, òun kò mọ orúkọ tó máa pè, kí wọ́n fi àyè orúkọ náà sílẹ̀ dè é. Ẹ̀yìn èyí ló tó sọ tirẹ̀, ó sì pè é ní Bọ́láńlé. Wọ́n ní kó fún ọmọ ní oríkì. Ó kọ̀. Ó ní òun lè wẹ̀ ẹ́, òun lè pọ̀n ọ́n, ṣùgbọ́n ìyá àgbà ọmọ wà láàyè, òun kò ní í gba oríkì mọ́ ọn lẹ́nu.

Màmá, ọmọ kan ṣoṣo ló bí. Ráfátù bá ọkọ rẹ̀ lọ sí Àbíjàn, ó ti pẹ́ tí ìwé rẹ̀ ti dé kẹ́yìn. Mo bi Ìyá Ráfátù lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tó ń ṣe wàhálà báyìí lórí mi. Kò gbójú sókè níbi tó ti ń fọ orí ọmọ. Ó ní bóyá ẹnìkan ń bá òun wẹ ọmọ tòun náà lọ́hùn-ún.

Ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló fẹ́ gba ọmọ mọ́ yín lọ́wọ́?

Ọmọ ti pé oṣù mẹ́ta báyìí. Ó ń rẹ́rìn-ín, imú yín gan-an ló sì gbé wá. Bí Ìyá Ráfátù bá ti wẹ̀ ẹ́ tán, tó bá kan ibi tí àgbà ti máa ń fi oríkì ki ọmọ, á kàn sọ fún un pé ìyá àgbà rẹ̀ ń bọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ojoojúmọ́ ló ń sọ ọ́. Ó ti yọ ẹní kan pamọ́ dè yín tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó lé.

Wọ́n ní ẹ ti ń fi ọ̀pá rìn dé ọjà. Bí ẹ bá lè dé Ọjà Igbó, ẹ lè dé Ọ̀yọ́. Iwájú ni kí ẹ jókòó nínú mọ́tò, kí ẹ lè na ẹsẹ̀ yín.

Ọlọ́run yóò fún ẹsẹ̀ yín lágbára. Ẹ ó jèrè gbogbo wa, a kò ní í fi yín sunkún. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé. Ìyá Ráfátù ní kí n kí yín, ó ní kí ẹ má binú sí òun.

Èmi ni Mojísọ́lá, ọmọ yín, pẹ̀lú ọmọ ọmọ yín tí kò tíì ní oríkì.