Màmá, Ẹ Má Dá Àgò Náà Lóhùn

Ẹ kú ilé o, Màmá mi ní Idigny. Ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ kú ìdúró de òjò. Mo dọ̀bálẹ̀ kí Bàbá, mo sì kí àbúrò mi Àṣàkẹ́ tí yóò ka lẹ́tà yìí fún yín. Òtútù ilẹ̀ Faransé ń bá mi jà, ṣùgbọ́n òtútù kọ́ ni kò jẹ́ kí n lè jẹun láti ọjọ́ tí ẹ ti pè mí.

Ẹ ní ẹ wọ ìkànnì kan nínú fóònù láti mọ ìgbà tí òjò yóò rọ̀. Kí ẹ tó rí nǹkan kan, ó ní kí ẹ jẹ́ kí òun mọ ibi tí ẹ wà, ẹ gbà. Ó ní òun fẹ́ nọ́ńbà àwọn tí ẹ mọ̀, ẹ tún gbà. Mo bi yín pé kí ló dé, ẹ ní ṣé ẹni tó bá kágò lẹ́nu ọ̀nà ni a kò ní dá lóhùn? Òótọ́ ni. Nílé wa, a ti ń dáhùn “àgò yà” kí a tó mọ ẹni tó dé.

Nígbà tí ara fu yín, ẹ tẹ bọ́tìnì ìpadà sẹ́yìn, kò padà. Ẹ tẹ̀ ẹ́ títí, ojú kan náà ló ń gbé wá. Kí ẹ tó pa fóònù, ó ti fi orúkọ yín ránṣẹ́ sí gbogbo ìyá tí ẹ jọ ń yan gàrí, pé ẹ ní kí wọ́n wọlé. Wọ́n wọlé, nítorí ẹ kò purọ́ fún wọn rí, ìkànnì náà sì kó nọ́ńbà àwọn ènìyàn tiwọn náà lọ. Ní báyìí, bí ẹ bá kí wọn, wọn kì í wojú yín dáhùn.

Àṣàkẹ́ fi àwòrán ìkànnì náà ránṣẹ́ sí mi. Màmá, ọwọ́ mi ló ṣe é. Ọ̀gá mi níbi tí mo ti ń ṣe ìkànnì ló ní kí n dí ọ̀nà ẹ̀yìn, kí n sì máa gbàṣẹ lọ́wọ́ ènìyàn kó tó rí ohun tó wá. Mo mọ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ padà yẹ kó rí ọ̀nà, àti pé a kì í béèrè ohun tí a kò nílò. Mo ṣe é, nítorí pé ọ̀gá ló di ìwé ìgbélùú mi mú. Àṣé ìyá mi ni pàkúté náà yóò mú. Ojú tì mí.

Ọ̀gá ní bí mo bá fọwọ́ kan ìkànnì náà, kí n palẹ̀ mọ́. Mo ti tú pàkúté náà láàárọ̀ yìí. Bí ilẹ̀kùn bá dún báyìí, mo á rò pé àwọn tí yóò lé mi padà sílé ló dé.

Ẹ jẹ́ kí Àṣàkẹ́ ka lẹ́tà yìí sétí àwọn ìyá yẹn, kí wọ́n mọ̀ pé ọmọ yín ló purọ́, kì í ṣe ẹ̀yin.

Kí Ọlọ́run rọ òjò sóko yín, kó sì dá ọlá yín padà. Ẹ bá mi kí gbogbo agbo ilé. Bí mo bá sì dé lójijì, tí mo kágò, ẹ kọ́kọ́ béèrè pé ta ni.

Èmi ni ọmọ yín,
Àkànní