Òkúta Tí Wọ́n Rì Mọ́ Àárín Pápá

Bàbá mi àtàtà,

Inú ń bí mi. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn kí n tó kí yín, torí bí mo bá fi ìkíni bẹ̀rẹ̀, ẹkún ni màá fi parí rẹ̀, n kò sì fẹ́ sunkún lónìí. Inú ń bí mi sí ìjọ, inú ń bí mi sí Ẹ̀gbọ́n, inú sì ń bí mi sí ẹ̀yin náà. Ẹ jókòó kí ẹ gbọ́ mi. Kò sí ìpàdé tí ẹ fẹ́ sáré lọ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí tó dùn ṣáájú. Àwọn ọmọ básíkẹ́ẹ̀tì kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ wa tí ẹ fi sílẹ̀ fún mi, kò sí ẹgbẹ́ tó rí wọn gbé ṣe lọ́dún yìí títí a fi dé àṣekágbá. Ìlaró la ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí àwọn èrò ti ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí pé bàtà àwọn ọmọ wa kò bára mu. A nà wọ́n débi pé àwọn èrò náà ló ń pàtẹ́wọ́ fún wa kí eré tó parí. Ọkọ̀ tó ń kó àgbàdo ló gbé wa lọ sí Ìgbógìlà, a bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú eruku lójú, a sì na àwọn náà. Kọ́lá ni balógun àwọn ọmọ wa, ọmọ abúlé Tube kan tó ga bí òpó wáyà. Ọjà ìkọjá ẹnubodè ni ìyá rẹ̀ ti ń tajà, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bó bá ti ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, á pariwo lédè Faransé, “Vwalà!”, bí ẹni ń sọ pé òun nìyẹn. Gbogbo ọmọdé Ayétòrò níbí ló ń pariwo Vwalà báyìí, títí kan ọmọ mi tí kò tíì lè pe omi.

Ṣé ẹ rántí ìgbà tí ẹ ń ṣán igbó pápá básíkẹ́ẹ̀tì wa? Ẹ̀yin pásítọ̀ ìjọ, ẹ yọ kọ́là funfun kúrò lọ́rùn, ẹ fi há ẹ̀ka igi, ẹ ká ṣòkòtò sókè, ẹ sì bá àwọn ọmọ ilé ìwé lu yangí títí ilẹ̀ fi le. Màmá bínú títí, ó ní ẹ ń dójú ti òun. Bí eré bá wá bẹ̀rẹ̀, ẹ ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, orógbó lẹ́nu, ẹ ó máa bú rẹfirí. Tó bá di ọjọ́ Ìsinmi, ohùn yín á ti há, ìjọ á rò pé ààwẹ̀ lẹ gbà. Ẹ̀yin fúnra yín kò sì ju ẹyọ kan ṣoṣo wọ àwọ̀n rí. Afẹ́fẹ́ ni ẹ máa ń dá lẹ́bi.

Lẹ́yìn tí ẹ lọ, ìjọba ológun gba ilé ìwé lọ́wọ́ ìjọ, bí wọ́n ṣe gba ti àwọn ìjọ yòókù. Ó dun àwọn alàgbà wọra. N kò dá wọn lẹ́bi, òógùn wọn ni wọ́n fi kọ́ ọ. Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi kan, akọ̀wé ìjọ dìde, ó kéde pé wọ́n fẹ́ kọ́ gbọ̀ngàn ìrántí fún yín. Gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́, omi sì lé sí mi lójú. Mo rò pé ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ni wọn yóò kọ́ ọ sí, níbi tí ilẹ̀ ṣófo sí.

Àṣé mo ń tan ara mi jẹ. Ọ̀sẹ̀ tí a fẹ́ gba àṣekágbá pẹ̀lú àwọn ará Abẹ́òkúta, lórí pápá tiwa níbí, mo wà ní kíláàsì, mo gbọ́ orin ìsìn láti ìta. Mo jáde. Àwọn alàgbà nìyẹn, nínú aṣọ funfun báláú, láàárín pápá gan-an, ibi tí rẹfirí ti máa ń ju bọ́ọ̀lù sókè. Wọ́n ti gbẹ́ yangí tí ẹ lù, wọ́n ti ri òkúta ìpìlẹ̀ gbọ̀ngàn náà mọ́ ọn, orúkọ yín wà lára rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀dà aláwọ̀ wúrà. Ẹ̀gbọ́n mi, àkọ́bí yín, ti Èkó dé láìsọ fún mi, ó wọ agbádá, ó ń bá wọn da sìmẹ́ǹtì. Ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín sí mi. Ó ní kí n wá dúró kí wọ́n lè yà mí mọ́ fọ́tò.

Mo bi akọ̀wé ìjọ léèrè pé kí ni wọ́n ń ṣe yìí. Ojú kò tì í láti dá mi lóhùn. Ó ní ìjọba lè gba kíláàsì, ìjọba lè gba ọ́fíìsì, ṣùgbọ́n kò sí ṣọ́jà tó máa hú orúkọ pásítọ̀ tó ti kú. Háà! Bàbá, ẹ gbọ́ o. Wọ́n fi yín ṣọgbà. Wọ́n fi orúkọ yín ká ilẹ̀ mọ́ bí ẹni fi ẹ̀gún ká oko ẹ̀gẹ́.

Mo ṣàlàyé fún wọn pé bí kò bá sí pápá lọ́jọ́ Sátidé, wọn yóò gbé ife fún àwọn ará Abẹ́òkúta láìgbá bọ́ọ̀lù, bí òfin ìdíje ṣe wí nìyẹn. Mo ní ọdún yìí làwọn ọmọ wọ̀nyí ń jáde, wọn yóò fọ́n wọn ká sí ilé ìwé abúlé láti máa kọ́ni, wọn kò sì ní jọ gbá bọ́ọ̀lù mọ́ láyé. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Wọ́n ní eré ọmọdé ni bọ́ọ̀lù. Wọ́n bi mí bóyá mo kórìíra bàbá mi ni. Èmi!

Nígbà tó di ọjọ́ Sátidé, oòrùn mú ganrínganrín, àwọn àlejò ti ń bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Mo gbé dígà. Mo kìlọ̀ fún àwọn ọmọ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ohunkóhun, kí wọ́n má bàa lé wọn nítorí mi. Èmi nìkan ni mò ń gbẹ́. Ẹ̀gbọ́n káwọ́ lérí, ó ń ké pé mò ń hú òkú bàbá wa. Àwọn obìnrin ń pariwo èèwọ̀. Alàgbà kan rọ́ wá, ó di dígà mú, èmi náà kò jọ̀wọ́ rẹ̀, a wá ń fà á mọ́ra wa lọ́wọ́ bí ọmọ ọjà.

Ibẹ̀ ni Màmá dé bá wa. Ó tú gèlè orí rẹ̀, ó ká a bí òṣùká, ó gbé e ka orí, ó sì kúnlẹ̀ síwájú òkúta náà, ó ń dúró. Alàgbà yẹn fi dígà sílẹ̀. Mo hú òkúta náà tán, èmi àti dírẹ́bà àwọn ará Abẹ́òkúta la sì jọ gbé e rù ú. Kò tóbi, ṣùgbọ́n ó wúwo fún obìnrin tó ti dàgbà. Ó dìde, ó sì gbé yín lọ sílé láìwẹ̀yìn.

A da yẹ̀pẹ̀ sí ihò náà, a tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n yẹ̀pẹ̀ ọ̀sán kan kò lè le bíi yangí ọlọ́dún púpọ̀. Eré kù díẹ̀ kó parí, a wà ní ọgbọọgba, Kọ́lá fò sókè, ibẹ̀ gan-an ló balẹ̀ sí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ rì, ọrùn ẹsẹ̀ yẹ̀. Wọ́n fi ẹyọ kan borí wa. Ẹyọ kan, Bàbá! Ọmọ yẹn sunkún lórí bẹ́ǹṣì yín bí ìgbà tí wọ́n túfọ̀ fún un.

Ẹ̀gbọ́n kò kí mi mọ́. Ìjọ ní n kò gbọdọ̀ jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Mo lè fara da ìyẹn. Èyí tí n kò lè fara dà ni pé akọ̀wé ìjọ wá kí Màmá lánàá, ó sì sọ lójú mi pé àwọn ti bi yín lórí ibùsùn àìsàn bóyá àwọn lè kọ́lé sórí pápá, ẹ sì ní kò burú. Mo wo Màmá kó lè já a nírọ́. Ilẹ̀ ni Màmá ń wò.

Kí ló dé, Bàbá? Ṣé ìrora ló pọ̀ ni? Ṣé kí wọ́n lè fi yín sílẹ̀ kí ẹ sùn ni? Àbí bí ẹ ṣe máa ń ṣe pẹ̀lú wọn náà nìyẹn? Ẹ̀yin tí ẹ lè bú rẹfirí lójú gbogbo ayé, kí ló máa ń ṣe yín bí alàgbà bá ti la ẹnu? Wọ́n ní kí a kó kúrò ní Ìgbógìlà láàárín ìdánwò mi, ẹ ní kò burú. Wọ́n gba yàrá tí Màmá ń lò fún iṣẹ́ aránṣọ, ẹ ní kò burú. Ẹ lọ sùn, ẹ wá fi mí sílẹ̀ láàárín pápá pẹ̀lú dígà lọ́wọ́, kí n máa sọ èyí tí ẹnu yín kọ̀ láti sọ.

Ó burú, Bàbá. Ó burú gan-an.

Èmi ni,
ọmọ yín tí inú rẹ̀ kò tíì rọ̀, tó sì fẹ́ràn yín síbẹ̀.