Igi Tí A Gé Kí Wọ́n Lè Sanwó Igi Fún Wa

                                        Ilé Kẹrin,
                                        Òpópónà Ilé-Ìwòsàn.
                                        Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹta.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ọkọ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń jẹ́ kó o sùn? Ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ níjọ́sí, mo gbà á ládùúrà pé ó ti lọ. Àwa náà wà, a dúpẹ́. Oòrùn nìkan ló fẹ́ pa wá.

O rántí igi ńlá ẹ̀yìnkùlé wa, tí ìyá mi olóògbé ti kọ́ èmi àti ìwọ ní aṣọ rírán lábẹ́ rẹ̀? Ibẹ̀ náà ni mo gbé ẹ̀rọ mi sí títí di oṣù tó kọjá, torí yàrá mi gbóná bí ààrò.

Ilé-iṣẹ́ kan ló dé pẹ̀lú mọ́tò tó mọ́ nigínnigín. Wọ́n ní ayé ń gbóná, igi ló ń gba èéfín tó ń mú un gbóná, àwọn tó ń tú èéfín náà síta lọ́nà jíjìn sì ti dáwó jọ fún ẹni tí kò bá gé igi rẹ̀. Àbúrò bàbá mi, tí àdúgbò ń pè ní Bàbá Onígi, fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Kò gé igi rí láyé rẹ̀. Bí bàbá rẹ̀ ṣe fi oko igi sílẹ̀ náà ló wà.

Àfi bí akọ̀wé ilé-iṣẹ́ náà ṣe ní ẹni tí kò gé igi rí, kí ni àwọn fẹ́ sanwó fún un pé kó ṣíwọ́ rẹ̀? Agégẹdú kan tó ti sọ ilẹ̀ tirẹ̀ di pápá ni wọ́n sanwó fún, kó lè ṣíwọ́. Wọ́n tún yà á ní fọ́tò. Àwọn àgbà ní ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Ti agégẹdú yìí, owó ló tọ̀ ọ́.

Inú bí Bàbá Onígi. Ó ní, "Ṣé wọ́n rò pé mi ò lè gé igi ni? Kí wọ́n wá wò ó!" Oko jìnnà, akọ̀wé kì í sì í fẹ́ fi bàtà rẹ̀ tẹ ẹrẹ̀, nítorí náà igi ẹ̀yìnkùlé wa, tí wọ́n lè rí láti títì, ló yàn. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, abẹ́ igi yìí ni mo ti ń jẹun o." Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, pé owó tó ń bọ̀ yóò ra fáànù fún mi.

Wọ́n gé e. Mo sunkún bí ẹni tí ìyá rẹ̀ tún ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Akọ̀wé wo kùkùté, inú rẹ̀ dùn, ó ní ó dájú pé igi wà nínú ewu níbí. Wọ́n sanwó. Fáànù dé, iná ni kò dé, la bá ra jẹnẹrétọ̀. Èéfín rẹ̀ ni mo ń fà símú báyìí kí ara mi lè tutù.

Ilé-iṣẹ́ náà wá gbé iṣẹ́ fún mi: kí n rán fìlà fún àwọn tí wọ́n ti sanwó fún, tí wọ́n ń pè ní olùtọ́jú igi, kí n sì ya igi sí iwájú rẹ̀. Wọ́n ní irú igi tó bá wù mí. Ọ̀rẹ́ mi, igi wa ni mo fi òwú yà, tòun ti ẹ̀ka tó tẹ̀ síhà ilé, tí a máa ń so aṣọ kọ́. Bàbá Onígi gba tirẹ̀, ó jókòó sórí kùkùté, ó wo fìlà náà títí. Nígbà tó yá, ó dé e, ó sì rọra bi mí bóyá mo lè fẹ etí fìlà náà díẹ̀ sí i, torí oòrùn.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kó o sì bá mi fẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu. Bó o bá ń bọ̀ wá kí wa, má gbàgbé agbòòrùn.

Èmi ni tìrẹ nínú oòrùn yìí,
Abẹ́rẹ́.